Ará Adéwọlé Láàárín Òkúta Firiaona

Amọ̀nà ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí làdáánì pe ìrun Màgàríbì. Àgbàlá tẹ́ḿpìlì Luxor ni wọ́n dúró sí, ní gúúsù Íjíbítì. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, iná tí wọ́n gbìn sí ìdí àwọn òpó sì ti ń tàn sókè sára àwọn ère Ramesses Kejì. Alfa onílé kéwú tó wá láti Adéwọlé, ní Ìlọrin, kọ́kọ́ yíjú sí ìgboro kó lè mọ ibi tí mọ́sálááṣí wà. Kò sí ní ìgboro. Òkè orí rẹ̀ gan-an ni ohùn náà ti ń bọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí mọ́sálááṣí kan tó jókòó sórí àwọn òpó tẹ́ḿpìlì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ àtijọ́ wà lókè fíofío lára ògiri, kò ní àtẹ̀gùn, kò sì sí ilẹ̀ kankan níwájú rẹ̀ tí ènìyàn lè tẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Alhaja tó ń ta aṣọ òfì, ló béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn. "Ta ló gbé mọ́sálááṣí sínú ilé òrìṣà?"

Ọmọ Luxor ni amọ̀nà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin tó wé híjáàbù aláwọ̀ ewé. Ó ní kò sẹ́ni tó gbé e sínú rẹ̀. Yanrìn, ẹrẹ̀ odò Náílì àti pàǹtírí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ló bo tẹ́ḿpìlì náà mọ́lẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mu àwọn òpó dé ọrùn. Àwọn Kristẹni ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ rí. Lẹ́yìn wọn ni àwọn Mùsùlùmí dé, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, wọ́n ń sin adìyẹ lórí òrùlé tí wọn ò mọ̀ pé òrùlé ni. Nígbà tí Sheikh Yusuf Abu al-Haggag, ẹni Ọlọ́run tó wá láti Baghdad, kú ní 1243, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, mọ́sálááṣí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní àárín àwọn ọdún 1880 ni Gaston Maspero, ará Faransé tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Íjíbítì nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ kúrò. Wọ́n kó àwọn ilé lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́sálááṣí ò ṣí nípò. Bí ilẹ̀ ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ilẹ̀kùn ń dá wà lókè.

Alfa gba ojú pópó wọ mọ́sálááṣí náà láti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn olùkírun ń gbà báyìí. Iná jó níbẹ̀ ní 2007. Nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ṣí ẹfun àti amọ̀ tó bo àwọn òkúta inú rẹ̀ kúrò, wọn ò sì bò wọ́n padà. Nígbà tí Alfa sálámà, tó yíjú sọ́tùn-ún, ìkọ̀wé alàwòrán àwọn Firiaona ló kọ́kọ́ rí, ẹyẹ, ejò, ojú ènìyàn, tí wọ́n gbẹ́ jinlẹ̀ sínú òkúta. Bàbá arúgbó kan ló jókòó tì í, ó ń ka tẹ̀súbáà. Alfa kí i, wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó wá béèrè bóyá àwòrán wọ̀nyí kì í dààmú wọn bí wọ́n bá ń kírun. Bàbá náà wo òpó ọ̀hún bí ẹni tí kò rí i láti ọjọ́ pípẹ́.

"Òkúta ni," ó ní. Ó wá nawọ́ síwájú. "Ọ̀hún ni kìbúlà."

*

Ọ̀tọ̀ ni Íjíbítì tí oníkálukú wọn gbé sọ́kàn kúrò nílé. Ti Alhaja, Íjíbítì àwọn òpìtàn ni. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ pé ìlà oòrùn ni Yorùbá ti ṣẹ̀ wá. Muhammad Bello, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, ti kọ irú rẹ̀ sínú ìwé kan lédè Lárúbáwá ní 1812. Samuel Johnson kọ ìtàn Lámúrúdu àti Mẹ́kà sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921, ó sì fi èrò tirẹ̀ kún un pé ó jọ pé apá òkè Íjíbítì, tàbí ilẹ̀ Nubia, ni ibẹ̀ gan-an. Ní 1948, J. Olumide Lucas kọ odindi ìwé láti fi hàn pé ẹ̀sìn Yorùbá àti ti Íjíbítì ayé àtijọ́ bá ara wọn tan. Apá òkè yìí kan náà, tó jẹ́ gúúsù Íjíbítì, ni Luxor wà. Alhaja ń retí kí òkúta kan pe òun lọ́mọ.

Ti Alfa yàtọ̀. Lójú ọmọ ilé kéwú ní Ìlọrin, Íjíbítì ni Azhar, ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìsìláàmù tó wà ní Káírò. Ibẹ̀ ni Sheikh Adam Abdullah al-Ilory lọ ní 1946, kó tó dá Markaz, ilé kéwú rẹ̀, sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin ló ti forí lé Káírò nítorí ìmọ̀. Ṣùgbọ́n Íjíbítì náà ni ilẹ̀ Firiaona, ọba tó ní òun ni olúwa, tó lépa Ànábì Mùsá dé inú òkun. Súrátù Yúnúsù sọ pé Ọlọ́run yóò dá òkú rẹ̀ sí kó lè jẹ́ àmì fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Alfa rò pé àwọn Mùsùlùmí Luxor yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé wọ̀nyí kọjá bí ẹni tó ń kọjá níbi ìtìjú. Kò retí àgbàlagbà tó ń ka tẹ̀súbáà lábẹ́ orúkọ Ramesses.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ lọ fún ará Ìlọrin. Ní 2023, àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lórí ọdún ìṣẹ̀ṣe tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Ìlọrin gbóná débi pé Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Emir, ọ̀pọ̀ Alfa sì fèsì. Nílé, béèyàn bá dárúkọ ohun tó wà kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó dé, kíá ni wọ́n á ti bi í pé ẹ̀yìn ta ló wà. Ní Luxor, ìbéèrè náà ò tilẹ̀ wá sẹ́nu ẹnikẹ́ni.

*

Ní tẹ́ḿpìlì Karnak, ní Luxor kan náà, ọrùn á dun ènìyàn. Òpó 134 ló wà nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo níbẹ̀, èyí tí Seti Kìíní àti ọmọ rẹ̀, Ramesses Kejì, kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1300 sí 1200 ṣáájú Ànábì Ìsá. Àwọn 12 tó wà láàárín ga tó mítà 21. Àwọ̀ búlúù àti pupa ṣì wà lábẹ́ àwọn òkúta ìdábùú lókè, níbi tí oòrùn kì í dé.

Alhaja béèrè ọ̀rọ̀ Odùduwà. Ó sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, Alfa ń túmọ̀, amọ̀nà ń gbọ́ láìjá ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó parí, ọmọ náà ní, "Yá hagga, mi ò tíì rí orúkọ yẹn lára ògiri kankan níhìn-ín. Bí mo bá sọ pé mo rí i, owó yín ni mo fẹ́ gbà." Hagga ni wọ́n ń pe gbogbo ìyá àgbà ní Luxor, ì báà lọ sí Mẹ́kà, ì báà má lọ. "Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo mọ̀ hàn yín."

Ó mú wọn lọ sí ẹ̀yìn ògiri ńlá àkọ́kọ́, ibi tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń gbà kọjá láìwò. Òkìtì bíríkì amọ̀ kan ló wà níbẹ̀, kò lẹ́wà, ó ti ń rún. Ó ní òkè tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wọ́ òkúta gòkè nígbà tí wọ́n ń mọ ògiri náà nìyẹn. Bí wọ́n bá parí iṣẹ́, ṣe ni wọ́n máa ń wó o kúrò. Wọn ò parí èyí, ìdí nìyẹn tó fi kù. Alhaja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Koríko gbígbẹ hàn nínú amọ̀ náà, gígùn rẹ̀ tó ìka, ó ṣì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó pò ó mọ́ ẹrẹ̀ kó má baà sán. Ó mọ iṣẹ́ yìí. Ní agbo ilé bàbá wọn, kí wọ́n tó wó o láti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, koríko wà nínú ògiri bẹ́ẹ̀, òun àti Alfa sì máa ń fi èékánná fà á yọ nígbà èwe.

Ó dákẹ́ níbẹ̀ pẹ́. Kò wá ọ̀rọ̀ Odùduwà mọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń béèrè láti ìgbà yẹn lọ ni bí wọ́n ṣe ṣe é: ta ló ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́, níbo ni wọ́n ti gbẹ́ òkúta, báwo ni wọ́n ṣe gbé e. Amọ̀nà ní ìdáhùn sí i. Aswan ni gíránáìtì ti wá, lórí omi ni. Òpó olórí ṣóńṣó tí ọbabìnrin Hatshepsut gbé kalẹ̀ ní Karnak ga tó nǹkan bíi mítà 30, òkúta kan ṣoṣo sì ni.

Báwo ló ṣe mọ gbogbo èyí? Alfa ló béèrè, ọmọ náà sì dáhùn pẹ̀lú ìtàn kan tó wọ Alfa lára. Ìkọ̀wé alàwòrán tó gbẹ̀yìn, tí ọjọ́ rẹ̀ hàn kedere, wà ní tẹ́ḿpìlì Philae, ọdún 394 lẹ́yìn Ànábì Ìsá ni. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó mọ̀ ọ́n kà kú tán. Fún ohun tó ju 1,400 ọdún lọ, àwọn ará Íjíbítì fúnra wọn ń gbé láàárín ìwé tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Ní 1799 ni àwọn ọmọ ogun Faransé rí òkúta kan ní Rosetta tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ní irú ìkọ̀wé mẹ́ta, ní 1822 sì ni Champollion, onímọ̀ ará Faransé, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kà á. "Bàbá bàbá mi jókòó sórí àwọn òkúta yìí títí tó fi kú," amọ̀nà ní. "Kò lè ka ẹyọ kan. Èmi lè kà á." Ó fi ìka tọ ìyíká orúkọ ọba kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìfi ọwọ́ kàn án, ó sì kà á sókè.

*

Nílé oúnjẹ kékeré kan ní ìhà ìwọ̀ oòrùn odò, ewédú ló bọ́ sórí tábìlì.

Mulukhiyah ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ewé kan náà sì ni. Alhaja ti rí i kí wọ́n tó sè é, torí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni wọ́n fi wọ́n jókòó sí. Ìyá tó ń dáná kó ewé náà sórí pákó, ó mú ọ̀bẹ kan tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tó ní èèkù méjì, ó sì ń yí i lọ yí i bọ̀ títí ewé fi kúnná tó ń fà. Kò sí ìjábẹ̀, kò sí kaun, kò sí irú. Omi ẹran ló dà á sí. Ó wá gún ááyù pọ̀ mọ́ èso kọriáńdà, ó dín in nínú bọ́tà, ó dà á lé e lórí gbígbóná, ó sì mí kanlẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní mímí yẹn wà lára ohun tó ń mú un dùn.

Alhaja tọ́ ọ wò, ó ní ewédú ni, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná. Kò gbọ́ Lárúbáwá ju ti ìrun lọ, ìyá náà ò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ wọ́n pẹ́ nínú ibẹ̀. Nígbà tí Alhaja jáde, ó ti mọ̀ pé al-Hakim, kálífà tó jọba ní Káírò láti 996 sí 1021, ti fòfin de ọbẹ̀ yìí rí, torí Alfa lọ bá wọn túmọ̀ níkẹyìn. Òun náà sì ti ṣàlàyé àmàlà àti gbẹ̀gìrì fún wọn. Búrẹ́dì tí wọ́n ń fi oòrùn wú kí wọ́n tó yan án ni wọ́n fi jẹ ẹ́, èyí tí àwọn ará apá òkè Íjíbítì ń pè ní búrẹ́dì oòrùn. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n gbé kakadé tútù wá, omi ìṣápá pupa tí Ìlọrin ń pè ní sóbò. Kò ní atalẹ̀ àti kànáfùrù nínú, ìyẹn ló jẹ́ kí Alhaja mọ̀ pé òun ò sí nílé.

Ti Alfa ní ibi oúnjẹ náà, ẹnu rẹ̀ ló fà á. Lárúbáwá inú ìwé ló ń sọ, èyí tó kọ́ nílé kéwú, pẹ̀lú gbogbo ìró ìparí ọ̀rọ̀ tí girama ní kó wà. Àwọn ọmọ ilé oúnjẹ náà dúró yí i ká. Èdè ìgboro ni wọ́n ń sọ, tó ń sáré, tó ń sọ Hajjaj di Haggag. Ẹ̀rín pa wọ́n, kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́. Ó jọ pé ọkùnrin tó ń ka ìròyìn nínú tẹlifíṣàn ló jáde wá béèrè omi lọ́wọ́ wọn. Bàbá wọn lé wọn sẹ́yìn, ó sì fún Alfa lésì ní Lárúbáwá tó ṣe gún régé bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Ó béèrè ibi tó ti kọ́ ọ. Alfa ní, "Ìlọrin." Bàbá náà ò gbọ́ orúkọ ìlú náà rí. Alfa kò jẹ́ kó lọ láìgbọ́: ó dárúkọ àwọn ìwé tí wọ́n ń kà ní Ìlọrin, ó ka òǹkà àwọn olùkọ́ títí dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ tirẹ̀. Bàbá náà ń mi orí. Nígbà tó yá, ó ní kí ọmọ òun àgbà wá jókòó, kó fetí sílẹ̀.

*

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì tutù, tí kò sì jà, ni bàlúùnù máa ń gbéra ní Luxor. Aṣọ ńlá ni, ó nà gbalaja sórí ilẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi fáànù fẹ́ atẹ́gùn sí i, lẹ́yìn náà ni awakọ̀ tan iná gáàsì sí ẹnu rẹ̀. Atẹ́gùn inú rẹ̀ gbóná, ó fúyẹ́ ju ti ìta lọ, aṣọ náà sì dìde dúró. Kò ní ìdarí. Awakọ̀ lè mú un gòkè, ó lè jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ sí ọ̀nà kan náà ní gbogbo ibi gíga, nítorí náà gíga tó bá yàn ni yóò sọ ibi tí wọn yóò forí lé.

Ẹ̀rù ba Alhaja, ó sì ní ìdí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì, 2013, iná ràn mọ́ bàlúùnù kan ní Luxor yìí, ó já lulẹ̀, èèyàn 19 sì kú. Awakọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ nígbà tí wọ́n bi í. Ó ní lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n dá fífò dúró, wọ́n sì mú òfin le kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbéra. Ó fi ibi tí wọn yóò dì mú hàn wọ́n nínú agbọ̀n, ó sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe lóṣòó nígbà tó bá ń balẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ti ara agbọ̀n. Alfa ka àdúà ìrìn-àjò sókè, awakọ̀ fúnra rẹ̀ sì ṣe àmín.

Ilẹ̀ ló kúrò lábẹ́ wọn. Kò sí ìgbọ̀nrìrì, kò sí ariwo, àyàfi bí iná bá tún bú. Oòrùn yọ ní ìhà kejì odò. Ohun tí kò hàn nísàlẹ̀ wá hàn kedere: ilẹ̀ dúdú tí Náílì ń bomi rin, ìrèké, àlìkámà, ilé, ọ̀nà, lójú kan ṣoṣo, ó dópin, aṣálẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí igbó láàárín, kò sí ọ̀dàn. Ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ kan tẹ koríko, kó fi ìkejì tẹ yanrìn tí ohunkóhun kì í hù lórí rẹ̀. Fún ẹni tó ti gun Òkè Sóbì rí, tó rí Ìlọrin tó ń tàn ká títí tó fi wọ inú pápá àti igi ẹ̀mí, ojú ilẹ̀ tó pín sí méjì bẹ́ẹ̀ ń dẹ́rù bani. Alhaja ní ó yé òun wàyí ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ gbogbo nǹkan wọn ní òkúta. Ẹni tó ń gbé ní etí ibi tí ohun gbogbo ti ń kú ò lè má ronú ohun tí yóò kù.

Wọ́n kọjá lókè àwọn ère Memnon méjì, Amenhotep Kẹta tó jókòó lẹ́ẹ̀mejì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 18, níwájú tẹ́ḿpìlì kan tó ti wó tán. Lẹ́yìn wọn ni òkè Qurna wà. Amọ̀nà tó dúró ti Alhaja tọ́ka sí ibi kan tó ṣófo lára òkè náà. Àwọn ilé wà níbẹ̀ rí, aláwọ̀ mèremère, lórí ibojì àwọn ìjòyè ayé àtijọ́ gan-an. Láti 2006 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ sí ibùdó tuntun, wọ́n sì wó ilé wọn, kí wọ́n lè dáàbò bo àwọn ibojì. Ìdílé ìyá amọ̀nà wà lára wọn. Ìyá rẹ̀ àgbà kò gbàgbé òkè náà títí tó fi kú. Ọmọ náà ò sọ pé ìjọba ṣe é dáadáa, kò sì sọ pé wọ́n ṣe é burú. Ó ní iṣẹ́ tí òun ń ṣe láti inú àwọn ibojì yẹn ló ti wá, ilé tí wọ́n bí ìyá òun sí ni wọ́n sì wó nítorí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú òkúta gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ènìyàn máa ń wà lórí rẹ̀.

Oko ìrèké ni wọ́n balẹ̀ sí. Àwọn géńdé ti ń sáré tẹ̀ lé òjìji wọn nísàlẹ̀, wọ́n di okùn mú, agbọ̀n sì fà tuuru lórí ilẹ̀ kó tó dúró.

*

Tẹ́ḿpìlì Hatshepsut ní Deir el-Bahari ni Alhaja gbádùn jù lọ. Ọbabìnrin yìí jọba fún nǹkan bí ogún ọdún, láti bí 1479 sí 1458 ṣáájú Ànábì Ìsá, kì í ṣe bí ìyàwó ọba, bí ọba gan-an ni. Iṣẹ́ tó fi yangàn lára ògiri rẹ̀ kì í ṣe ogun. Òwò ni. Ó rán ọkọ̀ ojú omi lọ sí Punt, ní ìlà oòrùn Áfíríkà, gbogbo bí ọjà náà ṣe lọ sì wà níbẹ̀: ilé àwọn ará Punt lórí òpó, ọba wọn àti ìyàwó rẹ̀ tó sanra, wúrà, eyín erin, igi dúdú, ọ̀bọ tó ń gun okùn ọkọ̀. Amọ̀nà fi àwọn alárùú hàn wọ́n tí wọ́n ń gba orí pákó wọ ọkọ̀. Igi tùràrí odidi ni wọ́n rù, gbòǹgbò rẹ̀ sì wà nínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀, kó má baà kú kó tó délé. Alhaja, tó ti ń di ẹrù aṣọ láti ìgbà èwe, wo bí wọ́n ṣe so apẹ̀rẹ̀ náà mọ́ ọ̀pá láàárín èjìká àwọn alárùú. Ó ní ẹni tó gbẹ́ èyí ti ru ẹrù rí, tàbí ó jókòó ti ẹni tó ru ú.

Níbi púpọ̀, ibi tí ojú àti orúkọ ọba náà yẹ kó wà ti di ihò. Nígbà tí Thutmose Kẹta, ọmọ ọkọ rẹ̀ tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ti dàgbà tán ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kúrò. Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ihò náà ṣì ń sọ irú ẹni tó dúró síbẹ̀.

Orí àtẹ̀gùn tẹ́ḿpìlì yìí kan náà ni amọ̀nà ti sọ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé àlàyé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, 1997, àwọn agbébọn tó ní nítorí ẹ̀sìn ni àwọn ń jà pa èèyàn 62 níhìn-ín, tó pọ̀ jù lára wọn jẹ́ àlejò, ará Íjíbítì sì wà nínú wọn. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ fún àlejò nígbà náà. Iṣẹ́ tán nílùú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti owó nìkan ni wọ́n ń sọ nílé wọn, ó ní. Wọ́n ń sọ ọ́ pé àlejò ni wọ́n pa, níṣojú àwọn. Alfa ní kí Ọlọ́run forí ji àwọn òkú náà. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn náà fúngbà díẹ̀ kó tó tẹ̀ lé wọn.

*

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, wọ́n mu tíì lẹ́bàá odò. Amọ̀nà ní òun ti sọ ti òkúta tòun tó, ó kàn wọ́n láti sọ tiwọn.

Alhaja bẹ̀rẹ̀ láti Ìdí-Àpẹ́, níbi tí òkúta tí àwọn ọdẹ ń lọ irin lórí rẹ̀ wà, èyí tí wọ́n ní ó fún Ìlọrin lórúkọ. Ó wá sọ ti Èsìẹ́. Ó dé ibẹ̀ rí pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ nígbà tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ère òkúta rírọ̀ ló wà níbẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn jókòó sórí àpótí, pẹ̀lú ilà lójú àti irun tí wọ́n fi sùúrù dì. Àwọn kan mú àdá dání, àwọn mìíràn mú ohun orin. Ọ̀pọ̀ ni orí wọn ti já. Àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ̀ wọ́n láti ayébáyé. Ní 1933 ni alábòójútó ilé ìwé kan jẹ́ kí ìròyìn wọn kàn síta, wọ́n sì kọ́ ilé ìkóǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé sí ibẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ṣe tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Àwọn àgbà ìlú ní àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta.

Ọmọ náà gbé ife tíì sílẹ̀. "Ẹgbẹ̀rún kan? Báwo ló ṣe jìnnà sílé yín sí?"

"Kò jìnnà rárá," Alhaja ní. "Láàárọ̀, a ti dé."

"Yá sheikh, kí ni àwọn ọmọ ilé ìwé yín wí nígbà tí wọ́n rí i?"

Alfa kò kó wọn lọ síbẹ̀ rí. Kò sí ilé kéwú tó mọ̀ tó ń kó ọmọ lọ wo ère. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà bí òun ṣe máa ń ṣe é nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ Kùránì bá kó ọmọ wá sí Karnak. Ọmọ náà ní òun kì í bẹ̀rẹ̀ láti ara òkúta. Súrátù tí wọ́n ti mọ̀ lòun máa ń ní kí wọ́n kà, níbi tí ìtàn Mùsá wà. Lẹ́yìn náà ni òun máa ní kí oníkálukú yan àwòrán kan, kó sọ ohun tó rí, kì í ṣe ohun tó gbọ́. Àwọn ọmọ kì í dàrú, ó ní. Àwọn àgbà ló ń bẹ̀rù pé wọn yóò dàrú.

Alfa fa ìwé yọ nínú àpò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní Lárúbáwá. Kí wọ́n tó dìde, ètò ti wà lójú ìwé náà. Ọjọ́ Sátidé ni yóò jẹ́, wọn yóò gba Ajaṣẹ́-Ìpo àti Òrò. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò yan ère kan, yóò ya irun rẹ̀, ilà ojú rẹ̀ àti ohun tó mú lọ́wọ́, yóò sì kọ ìlà márùn-ún lé e ní Lárúbáwá, márùn-ún ní Yorùbá. Alhaja gba oúnjẹ wọn ṣe. Ó ní òun kò fẹ́ kó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni yóò bá wọn sọ̀rọ̀; àgbàlagbà kan láti Èsìẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó sọ fún wọn bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ nílé tirẹ̀, kí wọ́n tó kà á bí àwọn onímọ̀ ṣe kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, Alhaja ló sì rán an létí. Àwọn òbí ńkọ́? Alfa kọ ìyẹn náà sí ìsàlẹ̀: kí wọ́n tó lọ, òun yóò pe gbogbo wọn jọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, yóò sọ ti mọ́sálááṣí Abu Haggag fún wọn. Bí bàbá ọmọ kan bá sì tún fẹ́ mọ ìdí tí ilé kéwú fi ń kó ọmọ lọ wo ère, òun fúnra rẹ̀ yóò lọ bá a nílé, yóò jókòó, yóò sì dá a lóhùn.